Ẹ̀rọ Ìrìn, Ẹsẹ̀ Wíwú àti Ọwọ́ Ìyá Mi

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ dì sínú ẹsẹ̀ yín, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ̀rù ṣì ń ba èmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. N kò ní tàn yín pé ìbẹ̀rù náà máa bọ́ lára yín lọ́jọ́ kan báyìí. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí mi lára, àti ohun tí a ṣe tí kò yẹ ká ṣe, kí ẹ lè tètè gbé ẹsẹ̀ yín lọ síbi tó yẹ.

Sabon Gari ní Kánò ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ reluwé ló gbé bàbá bàbá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọ́ sílẹ̀ ni mo sì ń gbé títí di òní pẹ̀lú Fúnmi ìyàwó mi tó jẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ wa méjì àti ìyá mi. Ṣẹ́gun ni orúkọ mi. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn òkè òkun gbà sílẹ̀, ìpàdé ni o, ìwàásù ni o, kí n sì tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà láìfo ọ̀rọ̀ kankan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí àga ni mo máa ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ikùn mi yọ síwájú, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, nọ́ọ̀sì tó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò fún mi sì sọ ọ́ láìfi bò pé àga yẹn ló máa pa mí.

Bí mo ṣe ra ẹ̀rọ ìrìn nìyẹn. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road ń ta àwọn ohun èlò eré ìdárayá rẹ̀ tó ti gbó, mo sì ra èyí tó ní bẹ́líìtì tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, tí èèyàn á máa rìn lórí rẹ̀ láìkúrò lójú kan. Káfíńtà kan ní Yankaba bá mi kan pákó fẹ̀ǹfẹ̀ kan mọ́ apá rẹ̀ méjèèjì, orí pákó yẹn ni mo sì gbé kọ̀ǹpútà mi lé. Mo á ki nǹkan ìgbọ́rọ̀ bọ etí, mo á máa rìn jẹ́jẹ́, mo á máa tẹ iṣẹ́ mi lọ. Bí iná bá lọ lójijì, ẹ̀rọ á dúró gbọn-in, èmi náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú gbá kọ̀ǹpútà. Àwọn ará ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Tóbi, ọmọ mi obìnrin, máa ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Hausa ló fi máa ń dá wa lóhùn. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Daddy, ina za ka?" Ó ń béèrè ibi tí mò ń lọ. Ìyá mi á gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu, á ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá ẹ ń lọ. Ó ti dé Zaria."

Ẹ má bínú, mo fọ́nnu nígbà yẹn. Ikùn mi fà sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì yìn mí, mo sì ń wo àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń jókòó síbi iṣẹ́ bí ẹni tí àánú wọn ń ṣe mí. Lójú tèmi, àrùn àwọn tó ń jókòó kò lè mọ ọ̀nà ilé mi mọ́.

Lẹ́yìn náà ni àbúrò bàbá mi obìnrin kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì gbọ́dọ̀ lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni mo bá nínú bọ́ọ̀sì. Àpò ẹ̀wà ẹnì kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rìn láti ìdájí títí oòrùn fi wọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún omi mímu kí n má baà máa bẹ awakọ̀ pé kó dúró kí n tọ̀. Mo sun oorun kan tó gùn, ẹsẹ̀ mi kú tipiri, mo jí, mo sì tún sùn. Lẹ́yìn ìsìnkú, bẹ́ẹ̀ náà la tún ṣe padà sí Kánò. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó yẹ kí n máa dìde, kí n máa na ẹsẹ̀, kí n sì máa mu omi bí wọ́n bá tilẹ̀ máa bú mi nínú ọkọ̀. Èmi ń sọ ọ́ fún yín báyìí.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ni mo padà sórí ẹ̀rọ mi. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun òsì mi ń ro mí díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí iṣan bá fẹ́ fa èèyàn. Mo ní ẹ̀rọ ni, pé mo ti fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ara ti gbàgbé. Ìrora náà kò lọ. Ibẹ̀ tún wá ń gbóná bí mo bá fọwọ́ kàn án. Fúnmi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ṣòkòtò mi há mọ́ ẹsẹ̀ kan, ó sì dẹ̀ lára ìkejì.

"Daddy Tóbi, ẹsẹ̀ yín yìí ò dọ́gba o. Ẹ jẹ́ ká lọ ṣe check."

"Ìrìn ni," mo dá a lóhùn. "Ó máa lọ."

Mo mú ẹsẹ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Ó wò ó láti orí àga rẹ̀, ó ní, "Na muscle. You dey waka too much for that machine. Rest am." Ó fún mi ní oògùn ìrora àti èyí tí wọ́n fi ń para. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ. Mo pa ẹ̀rọ, mo padà sórí àga, mo gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbalaja láti àárọ̀ dé alẹ́. Kò sí ohun tí àrùn yẹn ń fẹ́ tó jùyẹn lọ.

Ibí yìí ni ìyá mi ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ní láti mọ ìyá mi kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Kò sí abiyamọ kan ní àdúgbò wa tí kò tíì kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òun ló ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn wọn, òun ló ń na apá àti ẹsẹ̀ ọmọ tuntun, òun ni àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù máa ń tiro wá bá bí kókósẹ̀ wọn bá yí. Yorùbá, Ibo, Hausa, gbogbo wọn ló ń wá, kì í sì í gba kọ́bọ̀. Bí o bá jókòó tì í, tí o sì mí kanlẹ̀ lásán, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà léjìká rẹ. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ tutù. Èmi tí mo dàgbà lábẹ́ ọwọ́ náà mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó fọwọ́ bà á, ó mi orí. "Ẹ̀jẹ̀ ló sùn síbẹ̀," ó wí. "Na ẹsẹ̀ ẹ. Màá tú u ká."

Ó gbé omi gbígbóná wá, ó ki aṣọ bọ̀ ọ́, ó fún un, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó wú. Lẹ́yìn náà ló bu òrí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà láti kókósẹ̀ lọ sókè, ó ń ti atàǹpàkò méjèèjì wọlé bó ṣe máa ń ṣe. Mo ti jẹ irú ìrora bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ó sì máa ń rọlẹ̀ bó bá yá. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé nǹkan kan wà nínú ibẹ̀ tí kò fẹ́ kí ọwọ́ kan òun. Mo fẹ́ ní kó dúró. Ta ni mo jẹ́ tí mo máa sọ fún ìyá mi pé kó gbé ọwọ́ kúrò? Ó ń làágùn nítorí tèmi. Mo di etí ìbora mú, mo pa ẹnu mọ́. Òwúrọ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é, ẹsẹ̀ náà sì fúyẹ́ díẹ̀ lóòótọ́, inú gbogbo wa dùn.

Bí ẹsẹ̀ ṣe ń fúyẹ́ ni àyà bẹ̀rẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn ilé wa, ilé tí mo ti ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ láti kékeré, mo sì ní láti dúró ní àárín kí n mí. Mo ń wú ikọ́ gbígbẹ. Bí mo bá fa èémí wọlé jinlẹ̀, ohun kan á gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí abẹ́rẹ́. Àǹkù Rásákì, àbúrò ìyá mi tó ń ta aṣọ ní Ọjà Sabon Gari, wá kí mi, ó ní eruku ọyẹ́ ni, pé gbogbo Kánò ló ń wúkọ́. Ó gbé ìgò àgbo kan wá. Mo mu díẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n má baà ní mo ń ṣe agídí. Fúnmi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, mo sì rí i pé ẹ̀rù ti ń bà á. Kò sẹ́ni tó so èémí mọ́ ẹsẹ̀ nínú ilé wa. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀? Ìsàlẹ̀ ni ẹsẹ̀ wà, òkè ni àyà wà.

Iṣẹ́ ti pọ̀ nílẹ̀ dè mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí Fúnmi àti àwọn ọmọ ti lọ sí ilé ìwé, mo rò pé ẹsẹ̀ ti san, mo sì gun ẹ̀rọ. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo ṣì ń tẹ gbólóhùn kan lọ́wọ́ nígbà tí èémí mi já. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò ṣe rí. Mo ń la ẹnu, afẹ́fẹ́ ń wọlé, kò sì dé ibì kankan. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé mi láyà. Ojú mi ṣú. Mo mọ bọ́tìnnì tó yẹ kí n tẹ̀, ọwọ́ mi kò sì dé ibẹ̀. Bẹ́líìtì náà ń gbé mi lọ sẹ́yìn, ó sì jù mí sílẹ̀, ó ṣì ń yí lọ tirẹ̀.

Ìyá mi da ẹ̀wà nù, ó fa wáyà yọ lára ògiri. "Ṣẹ́gun, mí. Ṣẹ́gun, mo ní kí o mí." Mo ń wo ojú rẹ̀, mo sì ń rò ó nínú mi pé mo máa kú, pé ojú ìyá mi ni mo máa kú sí. N kò rántí Ọlọ́run, n kò rántí ọmọ. Ẹ̀rù nìkan ló wà níbẹ̀.

Aládùúgbò wa, Malam Sani, tó ń wa adaidaita, ni ó fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù. Nígbà tá a débẹ̀, èémí ti padà díẹ̀, mo lè dúró bí mo bá di ògiri mú. Èrò pọ̀ bí ọjà. Wọ́n ní ká lọ gba káàdì, lẹ́yìn káàdì ká lọ dúró síbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ. Ẹni tó ń kọ orúkọ béèrè ohun tó ń ṣe mí, mo sì dáhùn pé ẹsẹ̀ ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ la ti ń sọ nílé láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní ká lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn tí egungun àti iṣan ń dùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, èémí ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tó ń ṣe yín, ẹ ní ẹ ò lè mí dáadáa, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹ má tijú ariwo.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà títí. Àwọn tó ṣáájú wa pọ̀, oòrùn ń yí bọ̀ lára wa. Mo fi orí ti ògiri, mo ń ka èémí mi bí ẹni tó ń ṣọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ jí gbé. Ìyá mi kò lè wo irú ìyà bẹ́ẹ̀ kó má ṣe nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, láàárín gbogbo èrò yẹn, ó yọ ike òrí jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ká ṣòkòtò mi sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń wò ó, wọ́n ní irú ìyá wo nìyí, pé Ọlọ́run á jẹ́ kó jẹun ọmọ.

Dókítà obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tó wọ híjáàbù, ń kọjá lọ sí ibòmíì. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó wo ìkejì. Ó wá wo ètè mi tó ti ń ṣú, ó sì dúró.

"Mama, don Allah ki bari." Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dáwọ́ dúró. Ìyá mi gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Dókítà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ ìyá mi kúrò, ó wá béèrè ẹni tó ti ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà: "Wa ya yi masa tausa?"

"Ni ce," ìyá mi dáhùn. Èmi ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n yin òun.

Dókítà yíjú sí mi. "Can you breathe well?" Mo mi orí pé rárá. Ó pariwo kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì onítáyà wá, gbogbo ibẹ̀ sì dàrú.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí mi nímú. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ nínú awọ ikùn. Fúnmi sáré dé láti ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ, òun ló ń sá sókè sá sódò síbi tí wọ́n ti ń sanwó, torí wọn kò ní ya fọ́tò àyà àfi tí a bá sanwó, oògùn náà kò sì sí nínú ọsibítù, ìta ni wọ́n ti ń rà á. Owó tí a ń tọ́jú láti fi tún òrùlé ṣe wọ ibẹ̀ tán. Nígbà tí fọ́tò jáde, dókítà náà wá dúró tì wá, ó fi Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀ kí ìyá mi lè gbọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀ mi, bóyá láti ọjọ́ tí mo jókòó pẹ́ nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní díẹ̀ já lára rẹ̀, ó sì gòkè lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní ẹ̀rọ ìrìn kò jẹ̀bi ohunkóhun, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ni èyí ti gba ẹ̀mí wọn kí wọ́n tó dé ọsibítù.

Fúnmi ló fi Hausa béèrè. N kò dá a lẹ́bi, ẹ̀rù ló ń bà á. "Doctor, kí ló jẹ́ kó já? Àbí massage yẹn ni?"

Dókítà rọra dáhùn. Ó ní ó lè já fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni fífọwọ́ra lè tì í. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó wú bẹ́ẹ̀ mọ́ láé.

 Ìyá mi fi etí ìró rẹ̀ nu òrí tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ó nù ún, ó tún nù ún, títí ọwọ́ fi gbẹ tí kò sì dáwọ́ dúró. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ sì wà nímú mi. Ìyẹn dùn mí ju ìrora àyà mi lọ.

Àwọn ọjọ́ tí mo lò ní wọ́ọ̀dù, n kò gbàdúrà irú wọn fún ọ̀tá mi. Ẹ̀rù oorun ń bà mí, torí mo rò pé bí n kò bá ṣọ́ èémí mi, ó máa dúró. Bí mo bá wúkọ́, àyà mi á já, mo á rò pé òmíràn ti gòkè. Mo ń wo ẹsẹ̀ mi bí ejò tó ká sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú mi. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì bi mí pé kí ló dé tí n kì í yí ara. Mo ní ara ń ro mí. Irọ́ ni, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n mira.

Àǹkù Rásákì dé pẹ̀lú àwọn ẹbí méjì àti ìgò àgbo mìíràn. Wọ́n ti pinnu nílé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó, pé ẹnì kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń wo irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀. Fúnmi ń bẹ wọ́n, wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó ni, kò mọ bí ìdílé wa ṣe rí. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, agbára kò sí lára mi láti jà. Mo rò pé wọ́n máa gbé mi lóòótọ́, kí wọ́n sì tún ká ẹsẹ̀ mi mọ́ inú ọkọ̀ láti Kánò dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyá mi, tí kò tíì sọ gbólóhùn kan tó délẹ̀ láti ọjọ́ tí dókítà ti bá wa sọ̀rọ̀, dìde lórí àga.

"Rásákì, jókòó." Ó dúró kí àbúrò rẹ̀ jókòó. "Kò sẹ́ni tó máa gbé e sínú mọ́tò. Oògùn ìgò yẹn, máa gbé e lọ. Tí o bá fẹ́ bínú, bá mi bínú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ̀ nípa irú nǹkan báyìí jù."

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ó wí. "Ohun tí mo mọ̀, mo ti ṣe é."

Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́. Mo dojú kọ ògiri, mo sọkún, n kò sì jẹ́ kó rí mi.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, mo rò pé ìbẹ̀rù máa dúró sí ọsibítù. Ó tẹ̀ lé mi wálé. Oògùn tí wọ́n fún mi kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, nítorí náà ohun kékeré ti di ohun ńlá. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Mo fá irùngbọ̀n, mo fi ara pa, ẹ̀jẹ̀ náà kọ̀ kò dá, Fúnmi sì jókòó tì mí tí ó ń di aṣọ mọ́ ọn lára. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi lóòrèkóòrè láti mọ̀ bóyá oògùn náà pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Dókítà kìlọ̀ pé àgbo kankan kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu mi, torí ó lè bá oògùn jà. Àwọn èèyàn ń gbé e wá síbẹ̀síbẹ̀, ẹ mọ bí a ṣe rí. A ń gbà á, a ń dúpẹ́, Fúnmi ń dà á sí gọ́tà.

Ìyá mi kò fọwọ́ kan èèyàn mọ́. Ọmọ obìnrin aládùúgbò wa kan bímọ, wọ́n wá pè é bí wọ́n ṣe máa ń pè é, ó ní ọwọ́ ń dun òun. Ọwọ́ kò dùn ún. Mo rí i níbi tó ti ń fọ aṣọ, tó ń fi agbára fún un. Kódà bó bá ń kí mi láàárọ̀, á dúró jìnnà díẹ̀, á kó ọwọ́ méjèèjì sínú ìró. Bí ẹnì kan bá tiro wọlé, ohun àkọ́kọ́ tó máa béèrè ni pé, "Ṣé ẹsẹ̀ kan ló wú àbí méjèèjì? Ṣé ó gbóná?" Bí wọ́n bá ní ẹsẹ̀ kan ni, kò tún ní jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ó ti lé èèyàn méjì lọ sí ọsibítù báyìí, ọ̀kan nínú wọn sì padà wá dúpẹ́, ó ní irú tèmi ni wọ́n bá lára òun. Mo rò pé inú ìyá mi máa dùn. Ó kàn wọlé lọ.

A kò sọ ọ́ fún ara wa rí. N kò bi í, òun náà kò bi mí. Àìmọ̀ yẹn ló ń jẹ ẹ́, mo mọ̀, torí ó ń jẹ èmi náà. Mo ti fẹ́ sọ fún un pé mo dárí jì í, mo sì rí i pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo ti sọ pé òun ló ṣe é.

Ní ti ẹ̀rọ ìrìn, mo fẹ́ tà á. Dókítà ní kí n má tà á, pé ìrìn jẹ́jẹ́ dára fún mi, kí n má kàn jókòó pẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ padà gùn ún, Fúnmi di ẹ̀yìn aṣọ mi mú bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní kẹ̀kẹ́.  Mo rìn díẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí àyà mi lè wálẹ̀. Mo ń fi ṣiṣẹ́ báyìí lójoojúmọ́, mo ti ní bọ́tìnnì tó ń pa á lẹ́ẹ̀kan náà bí mo bá fa okùn, okùn náà sì máa ń wà ní ọrùn ọwọ́ mi. Mo ń jókòó díẹ̀, mo ń rìn díẹ̀, mo ń mu omi. Mo ṣì ń lo oògùn. Láràárọ̀, kí n tó wọ ṣòkòtò, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo á wò wọ́n bóyá wọ́n dọ́gba.

Láìpẹ́ yìí ni ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ẹ̀yìn ojúgun, ibi kan náà. Mo wà lórí ẹ̀rọ nígbà tó fà mí, mo fa okùn, mo sì dúró síbẹ̀ tí ara mi tutù nini. N kò pe Fúnmi. Màmá ni mo pè, bí ọmọdé. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ojú mi, ó wo ibi tí mo di mú. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ jáde bọ̀ wá bá mi, tó sì tún fà á padà.

"Wọ bàtà," ó wí. "Jẹ́ ká máa lọ."

Dókítà kan náà la bá. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ẹsẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì wo àyà mi. Mo ti sùn sílẹ̀, mo ti gba kámú pé ó ti padà dé, mo ti ń rò ó bí mo ṣe máa sọ fún àwọn ọmọ. Dókítà nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní kò sí ẹ̀jẹ̀ dídì kankan. Iṣan lásán ló fà. Ó yíjú sí ìyá mi, ó fi Hausa sọ fún un pé bó bá délé kó fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ bá mi ra èyí, pé kò léwu.

Ìyá mi ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìyá mi fi Hausa bi í pé, "Ṣé o ti wò ó dáadáa? Mo bẹ̀ ọ́, tún un wò." Dókítà kò bínú. Ó tún gbé ẹ̀rọ náà lé ẹsẹ̀ mi, ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí ìyá mi kó lè rí i, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń kọjá láìdúró.

Nígbà tí a délé, mo jókòó sórí àkéte, mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó gbé àpótí, ó jókòó síwájú mi, ó sì pẹ́ kó tó bu òrí. Ọwọ́ rẹ̀ kàn mí. Gbogbo ara mi ń sọ fún mi pé kí n fa ẹsẹ̀ mi padà. N kò fà á. Mo ń ka èémí mi, òun náà ń wo àyà mi bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́sẹ̀ mi.